Owó tó ṣeé gbójú lé: ohun tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré pàdánù ní Amẹ́ríkà

Ní Africatown, àdúgbò kan ní ìlú Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama, àwọn ègé pákó kan wà nínú àpótí onígíláàsì tí omi kún inú rẹ̀. Ara ọkọ̀ ojú omi Clotilda ni wọ́n ti wá, ọkọ̀ tó kó àwọn ọmọ Áfíríkà 110 lẹ́rú láti Ouidah lọ sí Mobile ní 1860, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti ka irú òwò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ láti 1808. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ ibi náà dáná sun ọkọ̀ ọ̀hún kí àṣírí má bàa tú, ó sì rì sínú ẹrẹ̀ odò. Ọdún 2019 ni àjọ tó ń tọ́jú ìtàn ní Alabama kéde pé àwọn ti rí i. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Kossola, tí wọ́n sọ di Cudjo Lewis lọ́hùn-ún, ọmọ agbègbè Bantè ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní ni. Matilda McCrear, ẹni tó gbẹ̀yìn láyé nínú àwọn tí a mọ̀ pé ọkọ̀ náà kó, Àbáké ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé. 1940 ló kú. Africatown Heritage House, ilé tí wọ́n kó àwọn pákó náà sí, ṣílẹ̀kùn ní oṣù Keje ọdún 2023. Igi tó ti wà lábẹ́ omi fún ohun tó lé ní 150 ọdún kò gbọdọ̀ gbẹ lójijì. Bó bá gbẹ, á sán, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rún. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ omi inú àpótí yẹn, yálà owó wà lọ́dún náà tàbí kò sí.

Ojú pákó yẹn ni mo fẹ́ kí a fi wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó ìrànwọ́ ìṣẹ̀ǹbáyé ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2025. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lu àṣẹ kan tó ní kí wọ́n gé àwọn àjọ ìjọba méje kù dé ibi tí òfin bá lè gbà á dé. Ọ̀kan nínú wọn ni Institute of Museum and Library Services, IMLS, tó ń fún àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ilé ìkàwé lówó láti 1996. Oṣù kan kò pé lẹ́yìn náà tí àjọ kejì, National Endowment for the Humanities, NEH, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí àwọn tó ti fún lówó pé àdéhùn ti dópin. Látìgbà náà, iye owó ni àwọn èèyàn ń jiyàn lé lórí: ṣé ó pọ̀ jù ni, àbí ó kéré jù? Ìbéèrè yẹn kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló wúwo jù. Èrò tèmi ni pé ohun tó ń gbé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré ró nínú owó ìjọba ni pé ó ṣeé gbójú lé. Dọ́là 10,000 tó dájú pé yóò wọlé sàn fún un ju dọ́là 100,000 tí lẹ́tà kan ṣoṣo lè gbà padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó yéni, ó yẹ ká mọ bí owó náà ṣe ń rìn. Nígbà tí IMLS ka àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Amẹ́ríkà ní 2014, wọ́n lé ní 35,000, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì nínú wọn ló sì jẹ́ ẹgbẹ́ atọ́jú-ìtàn ìlú, ilé àtijọ́ tí wọ́n ń dáàbò bò, àti irú wọn. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ààfin olókùúta tí à ń rí nínú fọ́tò. Yàrá méjì ni, òṣìṣẹ́ kan tó ń gbowó oṣù, àti àwọn àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. NEH, tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tó dá a sílẹ̀ ní 1965, máa ń fi apá kan owó rẹ̀ rán ìgbìmọ̀ 56 tó wà káàkiri àwọn ìpínlẹ̀ àti agbègbè Amẹ́ríkà. Ìgbìmọ̀ wọ̀nyí ló ń pín in wẹ́wẹ́: ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan fún ìlú kékeré kan tó fẹ́ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni fún ilé ìkàwé tó fẹ́ pe onímọ̀ kan wá sọ ìtàn ojú irin tó gba ìlú wọn kọjá. Ti IMLS tún le díẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń ka ìwé ìbéèrè, tí wọ́n sì ń fún un ní máàkì. Ẹni tó bá yege, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń ní kó fi dọ́là kan tirẹ̀ ti dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ìjọba bá mú wá, wákàtí tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ bá lò sì lè wà lára ohun tí wọ́n á kà sí i. Ibi tó wá ṣe pàtàkì jù nìyí: nínú ọ̀pọ̀ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ilé náà ló máa kọ́kọ́ náwó, tí yóò sì wá béèrè owó náà lọ́wọ́ ìjọba lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ti gba ayàwòrán, ó ti san owó pákó, ó ti háyà ẹni tó ń tẹ àkọsílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí kọ́bọ̀ ìjọba tó dé.

Wàyí o, ẹ wo ohun tí lẹ́tà àìròtẹ́lẹ̀ ń ṣe sí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, àdéhùn tó lé ní 1,400 ni NEH fagi lé. Japanese American National Museum ní Los Angeles pàdánù nǹkan bí dọ́là 170,000 tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ àwọn olùkọ́ nípa ìtàn àwọn ọmọ Japan ní Amẹ́ríkà. Ní Louisiana, Whitney Plantation, oko ìrèké àtijọ́ tó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 2014 tó sì ń fi ìgbésí ayé àwọn ẹrú hàn, gba lẹ́tà pé IMLS ti gba owó ìpàtẹ tuntun kan kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ìpàtẹ nípa bí àwọn ẹrú ṣe kọ ìyà. Kò pẹ́ tí lẹ́tà mìíràn fi dé pé wọ́n ti dá owó náà padà. Ẹlòmíràn lè sọ pé kí ni wọ́n tún ń ráhùn sí, ṣebí owó ti padà? Àmọ́ alábòójútó tó ti rí lẹ́tà méjèèjì láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣé yóò tún gboyà gba òṣìṣẹ́ ọlọ́dún méjì? Ṣé yóò yá owó lọ́wọ́ báńkì láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ìjọba ṣèlérí pé òun yóò san? Kò ní ṣe é. Yóò dín iṣẹ́ kù ni, kò sì sí àkọsílẹ̀ kankan tí yóò fi iṣẹ́ tí kò ṣe hàn.

Àwọn tó fara mọ́ gígé owó náà ní ohun tí wọ́n ń sọ, ó sì yẹ ká dá wọn lóhùn bó ṣe yẹ. Wọ́n ní owó orí aráàlú ni, gbèsè ìjọba sì ti pọ̀. Òótọ́ ni gbèsè náà pọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo owó IMLS lọ́dún 2024 kò tó mílíọ̀nù 300 dọ́là, tilé ìkàwé tilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Nínú gbogbo dọ́là 100,000 tí ìjọba àpapọ̀ ná lọ́dún náà, ohun tó kàn án kò tó dọ́là 5. Kò sí gbèsè tí ìyẹn lè san.

Èyí tó lágbára jù nínú àtakò wọn ni pé ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn ìlú rẹ̀ ni kó fi owó ara rẹ̀ tọ́jú rẹ̀, tàbí kí àwọn olówó ṣàánú. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ sí Africatown. Nígbà tí òmìnira dé ní 1865, Kossola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè ilẹ̀ lọ́wọ́ Timothy Meaher, ẹni tó rán ọkọ̀ náà níṣẹ́. Kò fún wọn. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ra ilẹ̀, èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ ìdílé Meaher fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ́ ilé ìwé. Ẹ̀yìn náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ìwé dó tì wọ́n, iṣẹ́ wà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n tì pa. Ìlú tó ti ní nǹkan bí 12,000 èèyàn rí wá di nǹkan bí 2,000. Àwọn ará ibẹ̀ ti san tiwọn. Nígbà tí ìjì Katrina wó ilé ìgbàlejò wọn ní 2005, ó lé ní ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó rí owó tó ṣe gúnmọ́ fún àtúnkọ́ rẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù 3.6 dọ́là, inú owó tí ilé iṣẹ́ epo BP san nítorí epo tó tú dà sínú òkun ní 2010 ló sì ti jáde. Mo ka ìyẹn, ó dùn mí. Àfi ìgbà tí àjálù mìíràn ṣẹlẹ̀ kí owó ìrántí wọn tó rí ọ̀nà jáde.

Ní ti àwọn olówó, a ti dán an wò lójú ayé báyìí. Ní òpin oṣù Kẹrin ọdún 2025, àjọ aláàánú Mellon Foundation gbé mílíọ̀nù 15 dọ́là kalẹ̀ fún àwọn ìgbìmọ̀ 56 yẹn kí wọ́n má bàa kú. Ohun ńlá ni, ó sì yẹ ká kí wọn. Síbẹ̀, ohun tí àwọn ìgbìmọ̀ náà ń retí lọ́wọ́ ìjọba lọ́dún náà tó mílíọ̀nù 65. Nígbà tí American Alliance of Museums wádìí lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìparí ọdún náà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ní àwọn ti pàdánù owó tàbí iṣẹ́ ìjọba, ó sì ju ìdajì lọ nínú àwọn tó pàdánù tí kò rí ẹni dí àlàfo náà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ibi tí olówó ń gbé ni owó rẹ̀ máa ń wọ̀ sí, ìlú ńlá ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbé.

Àtakò kan wà tí mo gbà pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: owó ìjọba ń mú òṣèlú wọ inú ìtàn. Ìjọba tòní fẹ́ gbọ́ ti akínkanjú nìkan, tọ̀la fẹ́ gbọ́ ti ìyà nìkan, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé á sì máa yí orin rẹ̀ padà bí ìgbà tó ń tẹ̀ lé onílù. Àmọ́ ohun tí àtakò yìí fi hàn ni pé àdéhùn gbọ́dọ̀ le ju ẹni tó wà lórí oyè lọ. Ilé ẹjọ́ gan-an sún mọ́ ibẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, adájọ́ kan ní Oregon dá NEH dúró fún ìgbà díẹ̀ lórí owó àwọn ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kọkànlá, adájọ́ mìíràn ní Rhode Island, nínú ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ 21 pè, sọ pé títú IMLS ká lòdì sí òfin, nítorí Ilé Aṣòfin ló dá a sílẹ̀ tó sì yan owó fún un. Nígbà tí oṣù Kejìlá bẹ̀rẹ̀, IMLS kéde pé òun ti dá gbogbo àdéhùn tó fagi lé padà. Oṣù mẹ́jọ ti lọ nígbà náà. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá dúró ti wá iṣẹ́ mìíràn, àgbàlagbà tí wọ́n fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sì lè má sí láyé mọ́.

Bí a bá fẹ́ gbà pé ti Amẹ́ríkà ni Amẹ́ríkà ń ṣe, ẹ rántí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Owó ìjọba Amẹ́ríkà, láti inú àpò tí aṣojú wọn ń lò fún ìtọ́jú àṣà, wà lára ohun tí wọ́n fi tún ojúbọ Bùsanyìn ṣe níbẹ̀. Amọ̀ ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọnà inú igbó náà, òjò sì ń rọ̀ lé e lórí lọ́dọọdún. Ẹni tó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan tó sì lọ kò tíì tún un ṣe.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n yí padà kò gba owó púpọ̀. Kí wọ́n san apá kan owó fún ilé kékeré ṣáájú iṣẹ́. Kí ó má ṣeé ṣe láti fagi lé àdéhùn tó ti bẹ̀rẹ̀ àyàfi bí wọ́n bá fi hàn pé ẹni tó gbà á ṣe owó báṣubàṣu. Kí wọ́n sì jẹ́ kí ó ṣeé fi san owó iná, owó òrùlé tó ń jò àti owó oṣù, nítorí ìpàtẹ tuntun ni ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ fẹ́ràn láti san fún. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ wọlé láàárọ̀ ọ̀la ní Africatown, kó tan iná, kó sì wo bí omi inú àpótí yẹn ṣe rí.