Eèrà Inú Àgbàlá: Bí A Ti Lè Dá A Lẹ́kun

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé sún mọ́ ilé tó bẹ́ẹ̀ tí omi òjò orí òrùlé ẹnì kan fi ń ro sí àgbàlá ẹlòmíràn. Ilẹ̀ yanrìn ni ilẹ̀ wa, omi kò sì jìnnà sí òkè rẹ̀. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ kíkankíkan, láti oṣù kẹrin títí dé oṣù keje, omi a kún inú ihò eèrà. Eèrà a gbé ẹyin àti ọmọ rẹ̀, a sì forí lé ibi gbígbẹ. Ibi gbígbẹ tí ó sún mọ́ ọn jù ni ilé wa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀tá kan ni ó rán eèrà sí òun ní àkókò òjò. Omi ni ó lé e kúrò ní ilé tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ń bá jà, nítorí ìwà wọn kò dọ́gba. Ìjàlọ kì í gbé ibì kan pẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fọ́jú, síbẹ̀ wọ́n ń tọ ara wọn lẹ́yìn ní ìlà gígùn, iye agbo kan sì lè ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Bí wọ́n bá wọ ilé ní òru, àwọn àgbà a gbé ọmọ ọwọ́ jáde, wọn a tú adìẹ sílẹ̀ nínú àgò, wọn a sì fi ilé sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tí wọn yóò bá fi kọjá, aáyán, àkekèé àti ọmọ eku inú ilé ti di oúnjẹ ìjàlọ. Ní tèmi, ọgbọ́n ni èyí, kì í ṣe ojo. Ẹni tí ó bá dúró bá ìjàlọ jà ní òru yóò kàn jẹ ìyà lásán ni.

Àwọn òyìnbó mọ irú eèrà pupa kan tí wọ́n fi iná sọ ní orúkọ. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìlú rẹ̀. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, ó bá ọkọ̀ òkun gúnlẹ̀ sí èbúté Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn ká gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2001, a rí i ní Brisbane ní ilẹ̀ Australia. Ẹnu ni ó fi ń di awọ ara mú, ìdí ni ó sì fi ń ta oró sí i, ojú ibẹ̀ a sì di iléròrò funfun. Inú iyẹ̀pẹ̀ àti ìdí òdòdó tí a ń kó láti ìlú dé ìlú ni ó máa ń fara pamọ́ sí. Àwa tí a ń gbé ẹ̀bá èbúté, tí a sì ń ra òdòdó inú ìkòkò láti fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a máa gbé ìkòkò náà sókè, kí a wo abẹ́ rẹ̀, kí a tó gbé e wọlé.

Ní ti eèrà kéékèèké àti tanpẹ́pẹ́ tí ń yọ àwa fúnra wa lẹ́nu lójoojúmọ́, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí. Àwọn tí ń rìn lórí ògiri kì í ṣe ilé eèrà. Ìránṣẹ́ ni wọ́n. Ìyá wọn tí ń yé ẹyin wà nínú ihò, kì í jáde. Ẹni tí ó bá fi bàtà tẹ ọgọ́rùn-ún pa lẹ́nu ọ̀nà kò tíì ṣe ìyá náà ní nǹkan kan. Èyí tí ó tún burú ni pé irú eèrà pupa rúsúrúsú kan wà tí ó ń gbé inú ilé, tí ó jẹ́ pé bí a bá fín oògùn lé e lórí, agbo rẹ̀ a pín sí méjì tàbí mẹ́ta, ìdílé kan a sì di púpọ̀.

Àwọn mìíràn a máa bu ata lílọ̀ sí ẹnu ihò. Bí ata bá lè lé eèrà tán, Ìgá Ìdúngànràn ni ìbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú gbogbo ilé, nítorí ìtàn sọ pé orí oko ata Arómirẹ́ ni a kọ́ ọ sí. Àwọn mìíràn a da kẹrosíìnì sí i. Èyí léwu ní àdúgbò tí ilé fara kan ilé, tí ààrò sì wà nínú àgbàlá. Ó sì ń ba omi kànga jẹ́. Omi gbígbóná sàn jù ú lọ, bí ihò bá wà ní ìta gbangba. Kí a da gálọ́ọ̀nù mẹ́ta sí i díẹ̀díẹ̀ ní òwúrọ̀, kí a sì tún ṣe é lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nítorí kì í pa wọ́n tán lẹ́ẹ̀kan. Kí a má ṣe é nígbà tí ọmọdé bá ń ṣeré nítòsí.

Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí a jẹ́ kí eèrà fúnra rẹ̀ gbé oògùn lọ fún ìyá rẹ̀. Àwọn apòògùn ń ta ẹ̀bú funfun kan tí a ń pè ní boric acid. Kí a po ìdajì ṣíbí tíì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ṣíbí ṣúgà mẹ́jọ nínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, kí a rẹ òwú sínú rẹ̀, kí a sì fi í sínú agolo tí a lu ní ihò, níbi tí ọwọ́ ọmọdé àti ẹnu ewúrẹ́ kò lè dé. Ẹnìkan lè sọ pé, bí ó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ha ní yára ṣiṣẹ́ bí? Rárá o. Bí oògùn bá le jù, òṣìṣẹ́ yóò kú lójú ọ̀nà kí ó tó dé ilé. Kí a ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí a má sì fín oògùn mìíràn ní àkókò náà. Kí a sì fi omi ọṣẹ nu ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ibi oúnjẹ, nítorí òórùn tí àwọn tí ó ṣáájú fi sílẹ̀ ni àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ń tọ̀.

Nísinsìnyí, ó ku agolo omi. Ọ̀pọ̀ ìyá ní Èkó ni ó máa ń ki ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ bọ inú agolo omi kí eèrà má bàa gùn ún. Ọgbọ́n yìí dára, ṣùgbọ́n ó ti bí ewu tí ó ju eèrà lọ. Irú ẹ̀fọn tí ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kiri fẹ́ràn omi díẹ̀ tí ó mọ́, tí ó wà nínú ilé tàbí lẹ́bàá ilé. Bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí ọjọ́ mẹ́wàá bá kọjá, tanwíjí inú agolo ti di ẹ̀fọn tí ń fò. Ìdí nìyí tí àwọn wolé-wolé àtijọ́ fi ń yọjú sí gbogbo ìkòkò àti agolo, tí wọ́n sì ń mú onílé tí wọ́n bá bá tanwíjí lọ́dọ̀ rẹ̀. A bínú sí wọn nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ní ọdún 1925, àjọ Rockefeller dá ibi ìwádìí ibà yìí sílẹ̀ ní Yábàá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1927, ibà náà gan-an pa oníṣègùn Adrian Stokes, tí ó ti London wá bá wọn ṣe ìwádìí rẹ̀, ní Èkó níhìn-ín. Ọdún 1937 ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó rí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Síbẹ̀ ibà náà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2017.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ lo agolo, kí ó po ọṣẹ mọ́ omi inú rẹ̀. Eèrà kò lè léfòó lórí omi ọṣẹ, yóò rì. Kí ó da omi náà nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì fi kànrìnkàn fọ ẹ̀gbẹ́ agolo náà dáradára, nítorí ẹyin ẹ̀fọn a máa lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ó sì lè wà láàyè fún oṣù púpọ̀ bí agolo tilẹ̀ gbẹ. Dída omi nù láìfọ agolo kò tó.

Nínú àgbàlá tí ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún jùmọ̀ ń gbé, kí gbogbo wọn gbé agolo oògùn kalẹ̀ ní ọjọ́ kan náà. Kí a má ṣe fi àwo àṣálẹ́ sílẹ̀ láìfọ̀ di òwúrọ̀, kí a sì bo ìdọ̀tí. Bí eèrà bá ta ẹnìkan, kí a fi ọṣẹ àti omi tútù wẹ ojú ibẹ̀, kí a má sì fọ́ iléròrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú àti ètè ẹni náà bá wú, tàbí tí kò lè mí dáadáa, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí a má ṣe dúró se àgbo.