Ètò Ojú Àgbàrá Nínú Ìlú: Ohun tí Àkọsílẹ̀ Òjò Ń Sọ àti Èyí tí Kì í Sọ

Ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lára láti di ẹ̀bi omíyalé ìlú Ìbàdàn ru pàǹtí tí ó dí gọ́tà àti ilé tí a kọ́ sí etí odò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí pàǹtí tó wọ inú gọ́tà ni ẹnì kan ti pinnu bí gọ́tà náà yóò ti fẹ̀ tó, àkọsílẹ̀ òjò ni ó sì yẹ kí ó gbé ìpinnu náà lé.

Òjò ọjọ́ 26 oṣù Ògún, ọdún 2011, jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Mìlímítà 187.5 ni a wọ̀n láàárín wákàtí mẹ́rin ó lé díẹ̀, ó sì ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tí ó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Bí ó bá jẹ́ pé àràárọ̀ nìkan ni òṣìṣẹ́ ń ka òṣùwọ̀n òjò, 187.5 yìí ni yóò kọ sílẹ̀ fún odidi ọjọ́. Ẹni tí ó bá wá pín in sí wákàtí 24 yóò rí nǹkan bíi mìlímítà mẹ́jọ fún wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó rọ̀ lé ìlú lórí lé ní 40. Àpapọ̀ kò parọ́. Ó kàn fi agbára òjò pamọ́ ni. Ìdí nìyí tí ètò ojú àgbàrá fi nílò òṣùwọ̀n tí ń fúnra rẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀.

Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò fún àdúgbò kékeré ti pẹ́. Mulvaney, ará Ireland, ti gbé e jáde láti ọdún 1851. Ìwọ̀n òjò fún wákàtí kan, bí ilẹ̀ ti fẹ̀ tó, àti ìdá omi tí ilẹ̀ kò fà mu ni a ń sọ di púpọ̀ ara wọn. Mìlímítà kan lórí hẹ́kítà kan jẹ́ lítà 10,000. Bí òjò mìlímítà 60 fún wákàtí kan bá ń rọ̀ sórí hẹ́kítà 10 ilẹ̀ igbó tí ń fa ìdá méje nínú mẹ́wàá mu, lítà 500 ni yóò máa ṣàn jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí páànù, ọ̀dà àti kóńkéré bá bo ilẹ̀ kan náà, tí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá sì ń ṣàn, ó di 1,500. Òjò kò yí padà, ilẹ̀ ni ó yí padà. Gọ́tà tí ó tó bàbá kò lè tó ọmọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà: òjò ‘ẹ̀ẹ̀kan ní ọdún 25’. Kò túmọ̀ sí pé bí ó bá ti rọ̀ tán, ìlú lè sùn fún ọdún 25. Ìṣeéṣe rẹ̀ lọ́dọọdún ni ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín ọdún 25, ìṣeéṣe pé yóò rọ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún 31 ni ó sì wà láàárín omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Ògún, ọdún 1980, àti ti 2011. Ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò ju ọdún mẹ́wàá lọ lè má rí ọ̀kankan nínú wọn.

Ilé-ìwé tí ó ní òṣùwọ̀n òjò lásán náà lè ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, bí olùkọ́ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ aago tí òjò bẹ̀rẹ̀ àti aago tí ó dá sí ẹ̀gbẹ́ iye mìlímítà.