Rírọ Irin ní Ìpele-Ìpele: Bí Sẹ̀rámíìkì Ṣe Ń Fún Irin Lágbára

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ irin ti ń wá tipẹ́ ni irin tí ooru ẹ́ńjìnnì bàálù kò ní borí. Bí irin bá ń gbé ẹrù nínú ooru líle fún ìgbà pípẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa fà, bí kò tilẹ̀ tíì yọ́. Bó bá fà kọjá ààlà, yóò já. Ewu ńlá sì nìyẹn fún àwọn tó wà lófuurufú.

Sẹ̀rámíìkì ní tirẹ̀ jẹ́ ẹbí ìkòkò amọ̀ sísun: ó ń fara da iná, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè fọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń po lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ mọ́ irin. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dà á sínú irin yíyọ́ nínú ìkòkò, yóò ṣù jọ, yóò sì léfòó. Ibi tó ṣù jọ sí gan-an ni irin náà yóò ti sán. Ọ̀nà àtijọ́ ni kí wọ́n lọ méjèèjì pọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, iṣẹ́ tó gbówó lórí.

Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ NASA ní Cleveland, ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, kéde irin kan tí wọ́n pè ní GRX-810. Nickel, cobalt àti chromium ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n fi yttrium oxide, tí í ṣe sẹ̀rámíìkì, bo hóró lẹ́búlẹ́bú irin náà lára. Ẹ̀rọ á tẹ́ lẹ́búlẹ́bú yìí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́; iná lésà á yọ́ ibi tí kọ̀ǹpútà bá darí rẹ̀ sí; ẹ̀rọ á sì tẹ́ ìpele mìíràn lé e, títí ohun èlò náà yóò fi pé. Níwọ̀n bí ojú ibi tó ń yọ́ ti kéré, kíákíá ló ń dì. Sẹ̀rámíìkì kì í ráyè ṣù jọ tàbí léfòó kí irin tó dì mọ́ ọn.

Àbájáde ìwádìí náà jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní ọdún 2023. Nínú ooru 1,093 lórí òṣùwọ̀n Celsius, agbára irin yìí jẹ́ ìlọ́po 2 ti àwọn irin alábùúdá nickel tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, ìfaradà rẹ̀ lábẹ́ ẹrù sì ju ìlọ́po 1,000 lọ.

Síbẹ̀, ihò wínníwínní lè ṣẹ́kù láàárín ìpele, nítorí náà àyẹ̀wò fínnífínní kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ kí irú irin bẹ́ẹ̀ tó gbé ènìyàn ròkè. Ohun tó hàn gbangba ni pé àìsí èròjà kọ́ ni ìṣòro àtijọ́. Bí iná ṣe ń yọ́ irin, àti bí irin ṣe ń yára dì, ni gbogbo rẹ̀ dá lé.