Ọ̀mùtí Kò Ṣeé Tì Mọ́lé: Iṣẹ́ Tí Òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà Lè Bá Wa Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, inú ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni ó ti ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í jẹ́ kí a sọ ọ́ síta.

Ní Ìsẹ́yìn ni mo ti mọ ahunṣọ kan, ẹni tí ó mọ aṣọ òfì hun tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbàárà fi ń ti Ìbàdàn wá bá a. Ẹmu ni ó kọ́kọ́ ń mu pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ó yá, ó di pàráágà ní gáréèjì. Lẹ́yìn náà ó di ọtí inú ọ̀rá, èyí tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan tí ó sì ṣeé fi sápò. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa yóò ti mu ọ̀rá méjì, nítorí pé bí kò bá mu ún, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n, kò sì ní lè ju ọ̀kọ̀ òfì.

Àwọn ẹbí pe ìpàdé. Wọ́n bú u, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n mú un búra. Níkẹyìn wọ́n tì í mọ́ yàrá. Ní ọjọ́ kejì gìrì mú un. Ní ọjọ́ kẹta ó ń làágùn, ó ń pariwo pé kòkòrò ń rìn lára ògiri. Àwọn kan ní ayé ni ó ń bá a jà. Èmi tí mo débẹ̀ ni mo ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá, Ọlọ́run sì yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọtí a máa dẹ ọpọlọ lára. Bí ènìyàn bá ti ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, tí a wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, ọpọlọ yóò ru sókè. Láàárín wákàtí 6 sí 48, gìrì lè dé. Ìdàrúdàpọ̀ ọkàn lè tẹ̀lé e ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ó sì lè pa ènìyàn. Dókítà ní oògùn tí í fi í tu ara lójú díẹ̀díẹ̀, a sì máa fi fítámì B1 kún un. Nítorí náà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n láàárọ̀ títí yóò fi mu ọtí, ẹ má tì í mọ́lé o.

Ṣùgbọ́n ọsibítù nìkan kò tó. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn tí ahunṣọ wa padà sílé, ó ti tún wà ní gáréèjì. Kí ni kò ní gbé e padà? Gbèsè òwú wà nílẹ̀, ìyàwó ti kó lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ṣakí, àwọn ọ̀rẹ́ àná náà ni ó ṣì ń pè é.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ìjà tọkọtaya àti owó oúnjẹ ọmọ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Obìnrin tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí kò wàásù rárá. Ó bi ọkùnrin náà ní iye tí ó ń mu, ìgbà tí ó ń mu ún, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí pé ọtí ti gbà lọ́wọ́ òun. Ó lọ bá olówùú, wọ́n pín gbèsè náà sí oṣooṣù. Ó lọ sí Ṣakí lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe láti fi ipá dá ìyàwó padà, bí kò ṣe láti mọ̀ bóyá ọkọ ń lù ú, àti ẹni tí ń bọ́ àwọn ọmọ. Ó wá bá ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà sọ ọ́ pé kí àbúrò máa hunṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láàárín wa. Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ti ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tí ó yí ọsibítù ká, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú láti ibẹ̀. Aro náà ń tọ́jú àwọn tí ọtí ti di bárakú fún.

Ní ti dídènà rẹ̀, àjọ ìlera àgbáyé ní ọtí pa 2,600,000 ènìyàn ní ọdún 2019. NAFDAC náà bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin de ọtí inú ọ̀rá ní oṣù kejì ọdún 2024, ariwo sọ, ìjọba sì ní kí wọ́n dá ọwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Èmi kò sọ pé kí ebi pa àwọn ìyá tí ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi rán ọ̀pọ̀ ọmọ Òkè-Ògùn lọ sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà bá lè máa dé gáréèjì àti ilé ìwé kí ọmọ tó mọ adùn pàráágà, iṣẹ́ dókítà yóò fúyẹ́. Ọ́fíìsì wọn wà ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ lọ béèrè wọn, kódà bí aláìsàn bá kọ̀ láti tẹ̀lé yín.

Ahunṣọ wa ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Obìnrin náà kò pariwo mọ́ ọn. Ó kàn ń béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ni. Ìyàwó ti padà sílé, ṣùgbọ́n ó ní kọ́kọ́rọ́ àpótí owó kò ní kúrò lọ́wọ́ òun.