Kíkọ́ Orin Ijó Ìbílẹ̀ Áyálándì Lórí Ohun-Èlò Olókùn

Ní Sliabh Luachra, níbi tí Kerry àti Cork ti pààlà ní gúúsù ilẹ̀ Áyálándì, olùkọ́ kan gbé ayé rí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pádraig O'Keeffe. A bí i ní 1887, ó sì kú ní 1963. Iṣẹ́ tíṣà ni ó kọ́kọ́ ṣe, gẹ́gẹ́ bí baba rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé fáólíìnì, èyí tí í ṣe gòjé olókùn mẹ́rin ti àwọn òyìnbó, ó sì ń ti ilé dé ilé kọ́ àwọn ọmọ àgbẹ̀ ní orin ijó.

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kò mọ àmì orin kà. O'Keeffe bá dá ọgbọ́n tirẹ̀. Àlàfo mẹ́rin tí ó wà láàrin ìlà márùn-ún inú ìwé orin ni ó fi dúró fún okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wá ń kọ nọ́ńbà sínú wọn. Òdo ni pé kí a má tẹ okùn rárá. 1 ni ìka tí ó tẹ̀lé àtàǹpàkò, 4 sì ni ìka tí ó kéré jù. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ nítorí pé nínú orin yìí, ọwọ́ òsì kì í sábà kúrò níbi tí a kọ́kọ́ gbé e lé.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò sọ gbogbo rẹ̀ tán. Apá méjì ni púpọ̀ nínú àwọn orin náà ní, a sì máa ń ta apá kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ijó tí a ń pè ní jíìgì, ohùn kéékèèké mẹ́fà ni ó wà nínú ìpín kan, ní mẹ́ta-mẹ́ta. Lórí ìwé, wọ́n dọ́gba. Létí, wọn kò dọ́gba: èkíní nínú mẹ́ta a máa gùn díẹ̀, èkejì a sì kúrú, kí ẹsẹ̀ oníjó lè mọ ibi tí yóò balẹ̀. Ẹni tí ó bá ta á bí ìwé ti wí ti ta orin tí kò ṣe é jó.

Ọ̀ṣọ́ orin ńkọ́? Èyí tí ó le jù ni roll. Ohùn gígùn kan ni a ó fọ́ sí márùn-ún: ohùn náà fúnra rẹ̀, ti òkè rẹ̀, òun náà padà, ti ìsàlẹ̀, òun náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kà wọ́n bí ẹni ka owó, orin bàjẹ́. Ṣe ni ìka ń ta okùn fẹ́rẹ́. Ohùn bánjò, tí àwọn onijùjú Èkó ayé àtijọ́ náà lò, kì í pẹ́ kú, nítorí náà ni Barney McKenna ti ẹgbẹ́ The Dubliners (1939–2012) fi ń ta okùn kíákíá lẹ́ẹ̀mẹta níbi tí onífáólíìnì ìbá ti ṣe roll.

Rẹ́kọ́ọ̀dù gbé ohun tí ìwé kò lè gbé. Láti 1921 ni Michael Coleman, ọmọ Sligo tí ó ti ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ti ń gba orin sílẹ̀ ní New York. Nígbà tí àwo rẹ̀ dé ilé, àwọn ènìyàn ń tún un gbọ́ títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Èrè ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù: ọ̀pọ̀ onífáólíìnì ní agbègbè mìíràn pa ọ̀nà àwọn baba wọn tì, wọ́n ń lépa ti Sligo.

Ọ̀nà O'Keeffe sàn jù. Òun fúnra rẹ̀ a ta orin náà fún ọmọ náà gbọ́, a sì fi ìwé nọ́ńbà sílẹ̀ láti máa rán an létí títí tí yóò fi padà wá. Nígbà tí àwo Denis Murphy àti Julia Clifford, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ó kọ́, jáde ní 1969 pẹ̀lú orúkọ The Star Above the Garter, pólíkà àti slide, ijó àwọn ará Sliabh Luachra, ṣì wà nínú rẹ̀ lọ́nà tí wọ́n gbà ń ta á nílé.