Ìwọ̀n Ẹrù Tí Páálí Lè Rù

Ọ̀kan nínú wa tó ń ta bisikíìtì ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí fún wa. Owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ló fi ra ọjà l'Ékòó. Kí ọkọ̀ tó dé Ìbàdàn, àwọn páálí ìsàlẹ̀ ti tẹ̀, bisikíìtì inú wọn ti rún wómúwómú. Ọjà bàjẹ́, ṣùgbọ́n gbèsè kò bàjẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ní kí á sọ̀rọ̀ lórí páálí lóṣù yìí.

Ohun tí páálí lè gbà sínú yàtọ̀ sí ohun tó lè rù lórí. Ẹ wo ìsàlẹ̀ páálí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ ó sábà rí àmì róbótó kan níbẹ̀. Nọ́ńbà kan wà nínú rẹ̀ tó sọ ìwọ̀n tí páálí pẹ̀lú ohun inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń kà á: pọ́n-ùn 65 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 30. Kò sọ iye tí a lè tò lé e lórí o!

Ìyẹn, àwa fúnra wa la ó ṣírò rẹ̀. Bí a bá to páálí 6 léra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 10, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ń ru kílò 50. Bí ẹni gbé odidi àpò sìmẹ́ńtì kan lé e lórí ni. Tí ọkọ̀ bá wá bọ́ sí kòtò ńkọ́? Ẹrù agolo le, ó ń bá páálí rù ú. Bisikíìtì kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, òkè ló yẹ kó wà.

Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni agbára páálí wà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí igun jókòó lórí igun. Bí a bá tò ó bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, kì í tètè yẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tìsàlẹ̀ á tètè tẹ̀. Ẹ fi okùn dì í dípò. Omi náà, ọ̀tá páálí ni. Bó bá rin, agbára rẹ̀ lè dín tó ìdajì, bó tilẹ̀ gbẹ padà, kò ní le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ má gbàgbé tapólì lásìkò òjò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ òfurufú, kílò 23 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà fún ẹrù kan lọ́wọ́ èrò tó san owó tó kéré jù. Èyí tó bá ju kílò 32 lọ, ọ̀pọ̀ wọn kì í gbà á bí a tilẹ̀ sanwó lé e, kí ẹ̀yìn àwọn tó ń gbé e má baà dá. Ilé ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dé pápá ọkọ̀.

Ẹni tó yáwó ra ọjà, kó má fi páálí gbígbó dì í. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí àdánù o.