Ẹ̀rọ Etí Kì í Gbé Èdè Wá Fúnra Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ òbí rò pé bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀rọ etí tí wọ́n ń pè ní cochlear implant fún ọmọ tí a bí ní adití, kíá ni yóò máa sọ̀rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó náwó rẹpẹtẹ.

Apá kan ẹ̀rọ náà wà lẹ́yìn etí níta, òun ló ń gba ìró. Ìkejì wà lábẹ́ awọ orí, okùn tín-ín-rín ara rẹ̀ wọ inú etí lọ́hùn-ún, ó ń ta iṣan tó ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ jí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ tàn án, ariwo lásán ni ọmọ ń gbọ́. Ọmọ ọdún 3 tí wọ́n tan tirẹ̀ ní ọdún 2, ọmọ ọdún 1 ṣì ni nínú ọ̀rọ̀ gbígbọ́. Ẹ má fi wé ọmọ aládùúgbò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tètè ṣe é: ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 2 sókè ni wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1990, ó ti di ọmọ oṣù 9 lọ́dún 2020.

Ti Yorùbá tún le díẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í gbé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa. Ìwádìí lórí àwọn ọmọ Ṣáínà, tí èdè tiwọn náà ní ohùn, fi èyí hàn. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ lè jọra létí ọmọ yín. Nítorí náà, ẹ má pe ọ̀rọ̀ ní ẹyọ kan, ẹ fi sínú gbólóhùn: "Gbé ọkọ́ wá ká fi kọ ebè." "Ọkọ̀ ti dé, ó yá ká wọlé." Ẹ máa sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, nígbà tí ẹ bá ń ká aṣọ. (Níbi ìwẹ̀ kò ní gbọ́ yín, nítorí ẹ ó ti yọ apá ti ìta kí omi má bà á jẹ́.) Nílé kéwú, kí Alùfáà gbé e jókòó síwájú, nítosí ara rẹ̀, ariwo ọmọ púpọ̀ máa ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ọn lójú.

Àwọn kan ní kí ẹ má kọ́ ọ ní èdè àwọn adití, pé yóò sọ ọ́ di ọ̀lẹ ẹnu. Èmi ò fara mọ́ ọn. Kò yẹ kí ọmọ wà láìní èdè kankan nígbà tó ń dúró de ìró.

Kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára pneumococcus, torí àrùn yírùnyírùn máa ń mú ọmọ tó ní ẹ̀rọ yìí ju àwọn mìíràn lọ. Ẹ béèrè iye bátìrì pẹ̀lú, àti ẹni tí yóò máa tún ẹ̀rọ náà tò.